Oògùn Tó Ń Tẹ Orí Sójà Ara Ba Nítorí Àìsàn Awọ: Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Jẹjẹrẹ Láti Ọjọ́ Kìíní

Bí ọdẹ ṣe ń ṣọ́ àdúgbò lóru, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ funfun, sójà ara, ń ṣọ́ ara. Nínú psoriasis (awọ tó ń nípọn tó sì ń ṣí), eczema tó le, pemphigus (awọ tó ń lé roro), lupus (ọdẹ tó ń bá awọ àti ẹ̀yà ara míì jà) àti àwọn àìsàn awọ míì tó fara jọ wọ́n, ọdẹ yìí ló yíjú sí onílé, tó ń fi kùmọ̀ lu ẹni tó ní kó máa ṣọ́ òun. Oògùn tí dókítà ń fúnni nígbà náà, oògùn tí yóò mú kí ọdẹ rọra ni. Awọ á tutù, ìyún á dín kù, onítọ̀hún á sùn. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá ti ń tòògbé, olè tó ti fara pamọ́ sínú ilé láti ọjọ́ pípẹ́ lè dìde.

Àwọn olè wọ̀nyí ní orúkọ. Kòkòrò Epstein-Barr, tó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wa láti kékeré, lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ funfun àti kókó ara tí wọ́n ń pè ní lymphoma. Kòkòrò HHV-8 ló wà nídìí jẹjẹrẹ Kaposi. HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ àti ti ojú ara. Kòkòrò mẹ́dọ̀wú oríṣi B sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ títí tí jẹjẹrẹ fi ń wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tó bá ka ìwé tí wọ́n kọ fún òyìnbó lórí ọ̀rọ̀ yìí, oòrùn ni wọ́n máa ń sọ jù. Oòrùn ṣe pàtàkì, pàápàá fún àfín. Ṣùgbọ́n fún aláwọ̀ dúdú ní Abẹ́òkúta, kòkòrò tí a kò yẹ̀ wò kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, àpá àtijọ́ tí a kò ṣọ́, àti oògùn tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fi ojú sí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ orúkọ oògùn náà gan-an

Ẹni tó bá sọ pé “oògùn awọ ni wọ́n fún mi” kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí ewu jẹjẹrẹ kò dọ́gba láti oògùn kan sí òmíràn. Ẹ mú páálí rẹ̀, ẹ ka orúkọ oògùn fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ ní lẹ́tà kéékèèké lábẹ́ orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Bí ó bá jẹ́ inú ọ̀rá tí kò lórúkọ ni wọ́n dà á sí, tàbí ìpara inú ike tí ẹni tó ń tà á kàn pè ní “aṣèyanu”, ẹ má lò ó títí ẹ ó fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpara bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti po clobetasol tàbí betamethasone mọ́, ìyẹn àwọn steroid tó le.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ azathioprine bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló gba ìṣọ́ra jù. Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń wo ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, IARC, ti kọ ọ́ mọ́ ìsọ̀rí 1, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Ìdí méjì ló wà fún èyí. Àkọ́kọ́, ó ń mú ọdẹ sùn. Èkejì, ó ń fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú DNA awọ tó ń fa ìtànṣán oòrùn oríṣi UVA mọ́ra, DNA náà á sì máa bàjẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fún àfín ní azathioprine bí oògùn míì bá wà tó lè ṣiṣẹ́ náà.

Ciclosporin náà wà ní ìsọ̀rí 1. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n fi ọdún 5 tọ àwọn onípsoriasis tó ń lò ó lẹ́yìn, jẹjẹrẹ awọ lára wọn tó ìlọ́po 6 ti àwọn ará ìlú yòókù, àwọn tó sì lò ó ju ọdún 2 lọ ni ewu rẹ̀ pọ̀ sí lára. Àwọn tó ti gba ìtọ́jú PUVA rí, ìyẹn oògùn psoralen pẹ̀lú iná UVA, ni kó ṣọ́ra jù. Èyí ló fà á tí ìlànà Amẹ́ríkà fi ní kó má ju ọdún 1 lọ fún psoriasis, tí ti Yúróòpù sì ní kó má ju ọdún 2 lọ. Tí ẹ bá ti ń lò ó lọ́dún kẹta tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ ìgbà tí yóò parí, ẹ béèrè.

Methotrexate fúyẹ́ ju àwọn méjèèjì yìí lọ ní ti jẹjẹrẹ. Ìsọ̀rí 3 ni IARC fi í sí, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ̀rí tó wà kò tó láti sọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Lymphoma tó ní í ṣe pẹ̀lú Epstein-Barr máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lára ẹni tó ń lò ó, nígbà mìíràn ó sì máa ń parẹ́ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá dá oògùn náà dúró. Ewu tó tóbi jù nínú methotrexate kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Ìwọ̀n rẹ̀ ni, a ó sì padà síbẹ̀.

Mycophenolate ní ìkìlọ̀ lymphoma àti jẹjẹrẹ awọ lára ìwé rẹ̀. Ara àwọn tí wọ́n pa kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ dà fún ni wọ́n ti rí èyí jù, àwọn tó ń lo oògùn 2 tàbí 3 pọ̀ ní ìwọ̀n gíga. Aláìsàn awọ tó ń lo ẹyọ kan ní ìwọ̀n kékeré kò sí nínú ewu kan náà. Ẹ rántí èyí nígbàkígbà tí ẹ bá ka iye tó ń dẹ́rù bani.

Prednisolone tí ènìyàn ń gbé mì fún oṣù púpọ̀ lè jí Kaposi dìde. Nínú àwọn abẹ́rẹ́ ìgbàlódé, adalimumab àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń dènà TNF, èròjà kan tí ọdẹ fi ń ránṣẹ́, máa ń mú kí jẹjẹrẹ awọ lé díẹ̀. Àwọn tó ń dènà IL-17 àti IL-23, àwọn èròjà míì tí ọdẹ fi ń ránṣẹ́, kò tíì fi àmì jẹjẹrẹ tó dájú hàn. Tofacitinib, baricitinib, upadacitinib àti abrocitinib jẹ́ oògùn oníhóró tó ń dènà èròjà tí wọ́n ń pè ní JAK. Ní oṣù September 2021, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n fi ìkìlọ̀ tuntun kún ìkìlọ̀ tó le jù lọ tó wà lára mẹ́ta àkọ́kọ́; abrocitinib, tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2022, ní ìkìlọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó fà á ni ìwádìí kan lára àwọn olórìíkèé-ríro tó ti pé ẹni 50 ọdún tó sì ní ohun kan tó lè kó bá ọkàn wọn: nínú 100 tó lo tofacitinib, jẹjẹrẹ mú bí 4.2, nínú 100 tó lo abẹ́rẹ́ tó ń dènà TNF, ó mú 2.9. Ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ti mu ún pẹ́ rí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó kọ irú oògùn yìí fún un.

Ìpara tacrolimus kò yẹ kó bani lẹ́rù tó bí ìwé inú páálí rẹ̀ ṣe ń wí. Láti 2006 ni ìkìlọ̀ jẹjẹrẹ ti wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tọ àwọn ọmọdé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000 lẹ́yìn fún ọdún 10, jẹjẹrẹ tí wọ́n rí kò ju èyí tí wọn ì bá rí lára ọmọ tí kò lò ó. Ìyá tó ń fi í pa ọmọ rẹ̀ ní ìpéǹpéjú dípò clobetasol kò ṣe ohun tó burú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ rí i dájú pé àìsàn náà ni lóòótọ́

Jẹjẹrẹ awọ kan wà tí wọ́n ń pè ní mycosis fungoides. Ó máa ń jọ eczema tàbí psoriasis fún ọdún púpọ̀. Lára aláwọ̀ dúdú ó tilẹ̀ lè jẹ́ àmì funfun lásán ní ìdí tàbí itan, tí àwọn ènìyàn á máa fi ìpara làpálàpá ra. Bí wọ́n bá fún ẹni bẹ́ẹ̀ ní ciclosporin, ọdẹ tó ń bá jẹjẹrẹ jà gan-an ni wọ́n mú sùn yẹn, á sì tàn kálẹ̀. Nítorí náà, bí àìsàn awọ kò bá jọ ohun tí dókítà ń retí, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ lára àgbàlagbà tí kò ní irú rẹ̀ rí, tàbí tó kọ̀ jálẹ̀ láti gbọ́ oògùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ẹran kékeré lára awọ náà lọ wò ní láàbù kí oògùn tó le tó bẹ̀rẹ̀. Gígé náà sábà máa ń jẹ́ milimítà 3 sí 6 péré, abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora ni wọ́n máa kọ́kọ́ gún síbẹ̀, òwú 1 tàbí 2 ni wọ́n sì máa fi rán an.

Ohun kan tún wà tó jẹ mọ́ Abẹ́òkúta gan-an. Aláró tó ń pa àdìrẹ ní Ìtòkú ń ti ọwọ́ bọ sódà àti háídírósọ́fáìtì, àwọn kẹ́míkà inú aró, lójoojúmọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá là, tó ń yún, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, sójà ara kọ́ ló kọ́kọ́ dá ọ̀ràn, ìkòkò aró ni. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó ga dé ìgúnpá, kí ó fi ìbọ̀wọ́ òwú sí abẹ́ rẹ̀ kí òógùn má bàa ṣe é ní jàǹbá, kí ó fi fasilíìnì ra ọwọ́ lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6. Bí ọwọ́ bá san, kò sí ìdí láti gbé azathioprine mì. A kò gbọ́dọ̀ fi oògùn ìsọ̀rí 1 tọ́jú ohun tí ìbọ̀wọ́ lè wò.

Ìgbésẹ̀ 3: Àyẹ̀wò tó gbọ́dọ̀ ṣáájú hóró àkọ́kọ́

Ẹ má jẹ́ kí ìyún tàbí ìtìjú mú yín fò ó. Dókítà awọ ní Federal Medical Centre, Ìdí-Àbà, tàbí ní ilé ìwòsàn Fásitì ní Ṣàgámù, mọ àyẹ̀wò wọ̀nyí. Ibi tí ènìyàn bá ti gba oògùn láìsí wọn ni kó ti béèrè wọn fúnra rẹ̀.

HIV ni àkọ́kọ́. Psoriasis tó bú yọ lójijì tó sì gba gbogbo ara lè jẹ́ pé HIV ló wà nídìí rẹ̀, oògùn HIV sì lè mú un rọ̀ láìsí òmíràn. Lẹ́yìn náà ni mẹ́dọ̀wú B àti C. Ibi tí àṣìṣe ti ń wáyé jù nìyí: HBsAg, àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò mẹ́dọ̀wú B nínú ẹ̀jẹ̀, nìkan ni ọ̀pọ̀ láàbù máa ń ṣe. Ẹni tí HBsAg rẹ̀ kò yọ lè ní kòkòrò náà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀ síbẹ̀, kí ó sì jí nígbà tí ọdẹ bá sùn. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ti hepatitis B core antibody pẹ̀lú, èyí tó ń fi hàn bóyá kòkòrò náà ti wọ ara rí, pàápàá bí ó bá jẹ́ rituximab, abẹ́rẹ́ tó ń pa irú ẹ̀jẹ̀ funfun kan, ni wọ́n fẹ́ fún yín. Bí èyíkéyìí bá yọ, wọ́n lè kọ tenofovir tàbí entecavir, oògùn tó ń tẹ mẹ́dọ̀wú B rì, fún yín ṣáájú. Ẹni tí HBsAg rẹ̀ yọ gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá kí òun máa ṣe skáànù ẹ̀dọ̀ lóṣù 6-6.

Wọ́n á ya àwòrán àyà nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọ́n á ka ẹ̀jẹ̀ pátá, wọ́n á wo ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, wọ́n á wọn ìfúnpá. Obìnrin tó lè lóyún á ṣe àyẹ̀wò oyún, nítorí methotrexate àti mycophenolate ń ba ọmọ inú jẹ́. Obìnrin tó ti mọ ọkùnrin á ṣe àyẹ̀wò ọrùn ilé-ọmọ kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, á sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14 lè gba àjẹsára HPV, èyí tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ní October 2023.

Àjẹsára tí kòkòrò inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, bíi ti yellow fever tí wọ́n ń fúnni ní káàdì oníyeyè sí, gbọ́dọ̀ ti wọlé ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ má gbà á, ì báà jẹ́ pé Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù lẹ ń lọ. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìwọ̀n tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́, fún àkókò tó kúrú jù

Iye àti ọjọ́ ló ń kó ewu jẹjẹrẹ jọ, nítorí náà iṣẹ́ ni kí ènìyàn máa dín in kù.

Methotrexate: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. A tún un sọ nítorí pé ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan: ẹnu á bó, ẹ̀jẹ̀ á tán, àkóràn á wọlé. Ìwọ̀n fún awọ jẹ́ 7.5 sí 25 mg lọ́sẹ̀. Hóró 2.5 mg ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ti 10 mg, kí àṣìṣe má bàa wáyé; 15 mg jẹ́ hóró 6. Ẹ yan ọjọ́ kan tí kò ní í yẹ̀. Ẹni tó ń lọ Jímọ́ọ̀ lè fi í sí ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lè fi í sí ọjọ́ Àìkú. Folic acid 5 mg á wà ní ọjọ́ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀.

Azathioprine jẹ́ 1 sí 3 mg fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹlòmíràn kò ní èròjà TPMT tàbí NUDT15 tó ń fọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ sì lè já wálẹ̀ pátápátá. Bí àyẹ̀wò àwọn èròjà yẹn kò bá sí nítòsí, 50 mg ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4, lẹ́yìn náà ó kéré tán lóṣù 3-3. Bí ẹ̀jẹ̀ funfun bá wà lábẹ́ 3.5 lórí ìwé láàbù, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà.

Ciclosporin jẹ́ 2.5 sí 5 mg fún kílò kan lójúmọ́. Ẹni 60 kg tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 2.5 á máa lo 75 mg láàárọ̀, 75 mg lálẹ́. Wọ́n á wo ìfúnpá àti creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, ní ọ̀sẹ̀ 2-2 fún oṣù 3. Bí creatinine bá fi ìdá 30 nínú 100 ga ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ dín in kù.

Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín nítorí ohun tí ẹ kà. Prednisolone tí ẹ ti lò ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ nínú rẹ̀. Bí onípsoriasis bá já a lójijì, gbogbo ara rẹ̀ lè kún fún ọyún.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ máa yẹ ara yín wò lóṣooṣù

Ẹ ṣe é lẹ́yìn ìwẹ̀ àárọ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, pẹ̀lú dígí méjì, kí ẹnì kejì yín bá yín wo ẹ̀yìn àti àárín orí. Lára awọ dúdú, ẹ má retí kí nǹkan pọ́n. Ohun tí ẹ ń wá ni ibi tó le, tó ga, tó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tàbí tó ní àwọ̀ àlùkò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àpá: àpá iná, àpá ọgbẹ́ ẹsẹ̀ tó ti pẹ́, àpá lupus ní ojú àti etí. Àpá àtijọ́ tó tún là, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí etí ọgbẹ́ rẹ̀ sì wú sókè kì í ṣe ohun tí a ń fi ewé bò. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka. Ẹ wo èékánná: ìlà dúdú kan ṣoṣo tó ń fẹ̀ sí i, tó sì ti ń kun awọ ìdí èékánná, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ tó pa Bob Marley ní 1981 ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya ẹnu, ẹ wo àjà ẹnu: ibẹ̀ àti ẹsẹ̀ ni àmì Kaposi fẹ́ràn, nígbà mìíràn ẹsẹ̀ kan á kọ́kọ́ wú. Ẹ wo ojú ara àti ìdí, nítorí wọ́ọ̀tì tó ń tóbi níbẹ̀ lè ti di nǹkan míì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ wá kókó ní ọrùn, abẹ́ apá àti abẹ́nú itan. Kókó tó ju hóró ẹ̀wà lọ, tí kò dunni, tó sì pé ọ̀sẹ̀ 4 láìlọ, gbọ́dọ̀ rí dókítà. Ohun kan náà ni ọgbẹ́ tí kò jiná láàárín ọ̀sẹ̀ 4. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ fetí sí èyí: òógùn òru tó ń tutù dé bẹ́ẹ̀dì, ibà tí a ti lo oògùn malaria fún lẹ́ẹ̀mejì tí kò lọ, àti rírù láti 70 kg sí 63 kg láàárín oṣù 6, wọn kì í ṣe taifọ́ọ̀dù títí láàbù yóò fi sọ bẹ́ẹ̀.

Fún oòrùn, àfín àti gbogbo ẹni tó ń lo azathioprine tàbí ciclosporin á wọ fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ tàbí gèlè tó bo etí àti ọrùn, aṣọ alápá gígùn, àti ìpara oòrùn SPF 30 sókè. Ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ bo ẹ̀yìn ọwọ́ pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ 6: Ohun tí a kì í lò mọ́ wọn

Septrin mọ́ methotrexate lè pa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ Septrin wà ní gbogbo kẹ́mísì láti Láfẹ́nwá dé Kútọ̀. Diclofenac àti ibuprofen lè jẹ́ kí methotrexate pọ̀ jọ nínú ara, wọ́n sì ń bá ciclosporin pa kíndìnrín lára. Allopurinol tí wọ́n ń lò fún gout mọ́ azathioprine ń gbá ẹ̀jẹ̀ funfun lọ, àyàfi bí dókítà bá dín azathioprine kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Erythromycin, fluconazole àti ọsàn gírépù ń mú ciclosporin ga. Rifampicin ikọ́ ẹ̀gbẹ ń mú un já wálẹ̀. Ọtí àti àgbo ẹlẹ́mu kò bá methotrexate rìn. Àgbo yòókù, bí ẹ kò bá lè sọ gbogbo ewé àti egbò inú rẹ̀ fún dókítà, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ tó bá bàjẹ́ kì í sọ ẹni tó ba òun jẹ́.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí dókítà ní kó parí. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kọ iye ẹ̀jẹ̀ funfun, creatinine, ìfúnpá àti kílò yín sí i nígbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí oògùn bá parí, ẹ má sọ ìwé náà nù. Azathioprine tí a lò fún ọdún mẹ́rin lónìí, dókítà tó bá rí kókó kan ní ọrùn yín ní ọdún 10 sí i gbọ́dọ̀ rí i kà.